Ìrẹsì Tó Hu Irun Kó Tó Ní Ẹsẹ̀

Ọjà Santana ní Benin ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Adéjọkẹ́. Ìrẹsì ni mo fẹ́ rà, mo sì ti nawọ́ sí èyí tó funfun jù lọ nínú àwọn tó wà lórí tábìlì rẹ̀, nígbà tó ṣa hóró kan níbẹ̀, tó jù ú sẹ́nu, tó fi eyín fọ́ ọ, tó sì mi orí.

"Ẹ má ra ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ jù nínú àpò. Yóò wú bí ẹ bá sè é, ṣùgbọ́n kò ní ládùn."

Mo ní, "Ṣebí ìwọ náà lò ń tà á?"

"Èmi náà ni. Àwọn tó ń se ìkòkò ńlá fún èrò ni mò ń tà á fún. Ẹ̀yin, ilé ara yín lẹ fẹ́ sè é fún."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó tì í pẹ́ lọ́sàn-án, nígbà tí ọjà bá dákẹ́, kò ní ṣàì gbọ́ nípa ọdún tí omi bo ìrẹsì ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Abúlé kékeré kan ní Èkìtì ni wọ́n ti bí Adéjọkẹ́. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, Fọláránmi, wá sí Benin. Ilé ìlagi kan ní Ikpoba Hill ló gba ọkọ náà síṣẹ́. Fọláránmi ṣì wà nídìí iṣẹ́ igi dòní, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà báyìí, ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ sì ń gbé e lọ. Kì í sábà sí nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Moyọ̀sọ́rẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Moyọ̀. Benin ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dáhùn. Ìyá á ké láti ìdí àdògán ní Yorùbá, ọmọ á dáhùn láti inú yàrá ní Píjìn, kò sì sí èyí tó ṣi èkejì gbọ́ nínú wọn.

Nígbà tí ìyá Adéjọkẹ́ kú, tí wọ́n sin ín tán, àwọn ọmọ jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin mú ilé àti ilẹ̀. Wọ́n bi Adéjọkẹ́ pé kí ni òun fẹ́. Ó nàka sí kèrègbè kan tó wà lórí àjà, tí èéfín ti sọ di dúdú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

Ọláwálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì! Ìwọ tó ń ta ìrẹsì láti àárọ̀ dalẹ́! Ṣé kò tíì sú ọ ni?"

"Kò sú mi."

"Mú un, mú un. Ṣùgbọ́n má gbàgbé láti bu tiwa tí o bá sè é o."

"Irúgbìn ni. A kì í se irúgbìn."

"Ẹ gbà mí o, màmá wa ti tún jí dìde!" ni Ọláwálé wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí ojú wọn ṣì wú fún ẹkún.

Ìrẹsì inú kèrègbè náà kúrú, pupa sì ni tí a bá ṣí èèpo rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sè é, òórùn rẹ̀ á ti dé ìta kí omi rẹ̀ tó gbẹ. Nígbà kan rí, gbogbo obìnrin ìdílé náà ló ń gbìn ín. Nígbà tó yá, irúgbìn tuntun dé, èyí tó ń yára so tó sì ń so púpọ̀, oníkálukú sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. A kò lè bá wọn wí. Ọmọ ní láti jẹun. Ìyá Adéjọkẹ́ nìkan ló kù tó ń gbin ti àtijọ́. Nítorí náà, bí Adéjọkẹ́ ti mọ̀ ọ́n, ohun tó wà nínú kèrègbè yẹn ni gbogbo ìyókù rẹ̀ láyé. Bí ó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tán nìyẹn.

Àwọn àgbàlagbà obìnrin ìdílé náà ní ìlànà kan. Wọn kì í ṣẹ́ irúgbìn kù sílé. Ọjọ́ tí kèrègbè bá jáde lọ sóko, òfìfo ló gbọ́dọ̀ padà wálé, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá fi díẹ̀ pamọ́ ń sọ fún ilẹ̀ pé òun kò fọkàn tán an. Gbígbẹ ni wọ́n ń gbìn ín. Wọ́n á fi igi ṣóńṣó dá ihò sí ilẹ̀ tó tutù díẹ̀, wọ́n á ju hóró sí i, wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bò. Bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, ìyá Adéjọkẹ́ á lọ wú hóró kan wò. Kì í wo orí rẹ̀, ìdí ló ń wò. Bí gbòǹgbò tíńtín bá ti yọ níbẹ̀, á ní, "Ó ti fẹsẹ̀ lélẹ̀," ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí òrùlé á jò sínú ìkòkò irúgbìn, tí hóró á sùn sínú omi, tí á hu okùn funfun kan gbọọrọ láìní gbòǹgbò kankan. Ìdájọ́ irú èyí kì í pẹ́ rárá. Ìyá rẹ̀ á dà á fún adìẹ. "Ìrẹsì tó hu irun kó tó ní ẹsẹ̀, òkú ni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Òkú náà ń hu irun."

Ìmọ̀ tí Adéjọkẹ́ gbé wá sí etí odò Ikpoba nìyí.

Ẹni tó fi ilẹ̀ hàn án níbẹ̀ ni Ìbráhìm, ará Ṣakí, tó ti ń gbin ugu àti tẹ̀tẹ̀ sí àkùrọ̀ ìsàlẹ̀ òkè náà tipẹ́. Sùlè ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà Bàbá Sùlè ni Adéjọkẹ́ ń pè é. Ilẹ̀ méjèèjì pààlà. Ògiri amọ̀ kékeré kan ló wà láàárín wọn, tí ènìyàn lè gbẹ́sẹ̀ kọjá.

"Ìyá Moyọ̀," ni Ìbráhìm wí ní ọjọ́ tó rí i pẹ̀lú kèrègbè, "èyí tí ẹ ń tà kò tó yín, ẹ tún fẹ́ máa gbìn ín?"

"Ṣé ẹni tó ń ta ẹja kò gbọdọ̀ mọ odò ni?"

"Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó bọ́ sínú rẹ̀."

Adéjọkẹ́ gbìn ín bí wọ́n ti ń gbìn ín nílé. Láti apá ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tó sì lọ́ràá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dà á dáadáa. Nígbà tó fi máa dé apá òkè, kèrègbè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní hóró kan. Nígbà tó parí, ó da ojú kèrègbè dé, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí ohun tó jáde àfi eérú tí wọ́n fi ń lé kòkòrò kúrò lára irúgbìn.

Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí òjò dé. Kì í ṣe òjò tí ènìyàn ń sá fún. Òjò tó ń rọ̀ tí ènìyàn ń gbàgbé pé ó ń rọ̀ ni. Gbogbo omi orí òkè Ikpoba Hill ló ń wá odò lọ, odò fúnra rẹ̀ ti kún dé ẹnu, omi kò rí ibi gbà mọ́. Nígbà tí òjò dá, tí Adéjọkẹ́ sì rí àyè sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, ojú omi pẹrẹsẹ ló bá, ó ń dán bí àwo. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú rẹ̀. Ní apá ìsàlẹ̀, omi náà kàn án dé agbede ojúgun.

Ó dúró. Ó padà lọ sọ́jà, ó tún padà wá. Omi kò fà. Nígbà tí ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, sùúrù tán nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi omi ṣàn án. Hóró ìyá rẹ̀ jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Okùn funfun kọ̀ọ̀kan ló hù lórí wọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní àwọ̀ kankan. Ó yí wọn padà, ó wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí gbòǹgbò.

Ìbráhìm ti dúró sórí ògiri amọ̀, ó ń wò ó.

"Ó ti lọ, àbí?" ló bi í níkẹyìn.

"Ó ti lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Moyọ̀. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

"Kò sí òmíràn, Bàbá Sùlè."

Ìbráhìm yí ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, bí kò bá ní bí obìnrin náà nínú, òun lè bá a ro ilẹ̀ náà pọ̀ tí omi bá fà, kí òun fi ugu sí i, kí ilẹ̀ má baà di igbó. Adéjọkẹ́ ní kó mú un. Ó wí i bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó di ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì náà sí ìṣẹ́tí ìró, ó gun òkè lọ sílé.

Orí tábìlì ìdáná ló tú u sí. Ó jókòó tì í, kò dáná, kò bọ́ ìró tútù tó wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Moyọ̀ bá a nígbà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

"Mummy, wetin happen?"

"Ìrẹsì màmá mi ti kú."

Moyọ̀ wà ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́. Ó mú hóró kan, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná kan okùn funfun náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"E never die."

"Moyọ̀, má fi mí ṣeré lónìí."

"Mummy, I swear. E never die."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ìwolẹ̀ yẹn. Láti kékeré ló ti máa ń wolẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti bu ṣúgà lá.

"Kí lo ṣe?"

"Abeg, no vex first."

"Mo ti ń bínú. Kí lo ṣe?"

Ohun tó ṣe nìyí. Olùkọ́ wọn ní kí oníkálukú wá ohun kan tí yóò fi ṣe ìwádìí kó tó jáde. Moyọ̀ mú ọ̀rọ̀ hóró irúgbìn àti omi: kí ní ń ṣẹlẹ̀ sí hóró tí kò rí afẹ́fẹ́ mí? Àgbàdo wà nílé. Ìrẹsì tó kún ọjà ìyá rẹ̀ kò wúlò fún un, nítorí wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n sì ti bó o, kò lè hù mọ́. Ṣùgbọ́n kèrègbè kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ìyá rẹ̀ tó gbé e lọ sódò, ó ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀.

Adéjọkẹ́ dìde. "O jí irúgbìn màmá mi."

"I borrow am."

"Lọ́wọ́ ta lo ti yá a? Lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú sàréè?"

Moyọ̀ sá wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ìgò mẹ́ta ló kó mọ́ àyà, àwọn ìgò tí wọ́n máa ń fi ta bọ́tà ẹ̀pà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì ṣí àkọ́kọ́. Òórùn tó ti inú rẹ̀ jáde mú kí ìyá rẹ̀ fi ìró bo imú.

"Ìyẹn ló ń rùn nínú yàrá rẹ láti ọjọ́ yìí? Tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń wá òkú eku kiri!"

"Na the corn."

Ẹ̀rín fẹ́ gba Adéjọkẹ́ lẹ́nu, ó sì gbé e mì, nítorí kò tíì dárí jì í.

Àlàyé tí Moyọ̀ ṣe gùn. Ó fẹ́ fi Yorùbá ṣe é ní ọjọ́ yẹn, kó lè wọ ìyá rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tó ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Tó bá rí ẹyọ kan, kì í rí èkejì. Bí mo bá tún un tò, ohun tó sọ nìyí. Ó se omi kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Nígbà tó tutù, ó da hóró sí i, ó sì da òróró lé e lórí, kí afẹ́fẹ́ má lè padà wọlé. Àgbàdo inú ìgò kan jẹrà. Àgbàdo ní oúnjẹ nínú, ṣùgbọ́n bí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò lè yọ́ oúnjẹ náà di ṣúgà tí yóò fi gbéra. Ó ń kú sórí oúnjẹ rẹ̀. Ìrẹsì lè yọ́ tirẹ̀. Ó ń lò ó láìsí afẹ́fẹ́, bí ẹmu ti ń kan nínú agbè tí wọ́n dé pa, ṣùgbọ́n agbára tó ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí pé agbára náà kéré, ohun kan ṣoṣo ló ń fi ṣe. Kò ṣe gbòǹgbò, kò ṣe ewé. Ó na okùn funfun kan sókè láti wá afẹ́fẹ́.

"E get hole for inside," ni Moyọ̀ wí, ó sì fi ìka méjì ṣe bí ẹni di nǹkan mú. "Like... Mummy, that thing wey we dey use play for water. Of pawpaw."

"Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ."

"Ehen!"

Adéjọkẹ́ náà ti ṣe é rí ní odò abúlé wọn: kí ọmọ rì sísàlẹ̀ pátápátá, kó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ sẹ́nu, kí orí ọ̀pá náà yọ sókè omi, kó máa fi í mí. Bí orí okùn náà bá ti yọ sójú omi, inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ hóró. Ìgbà náà ni gbòǹgbò tó ń jáde.

Moyọ̀ ṣí ìgò kejì. Ìrẹsì rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí èyí tó wà lórí tábìlì: irun funfun, kò sí ẹsẹ̀. Ìgò kẹta náà ti rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti da omi rẹ̀ nù ní ìjelòó, ó sì ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Adéjọkẹ́ gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó dorí ìgò kodò sí ọwọ́ rẹ̀. Nídìí àwọn hóró náà, gbòǹgbò ti yọ.

Ìyá Adéjọkẹ́ kò purọ́ fún un. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ, irun láìsí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí. Adìẹ ló máa ń jẹ ìyókù ìtàn náà.

"Ṣé gbogbo wọn ló ní gbòǹgbò?"

"No o. Some no gree."

"Omi inú ìgò yìí kò jìn. Èyí tó wà lódò ńkọ́? Tí kò bá rí ojú omi ńkọ́?"

Moyọ̀ gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "The food for inside go finish. Then e go die true true." Ó fi Yorùbá kún un: "Mi ò mọ ìgbà tí ó máa tán. Mi ò mọ̀, Mummy."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adéjọkẹ́ kò lọ sí Santana. Ó gbé bàsíà kan àti kóńgò tó fi ń wọn ìrẹsì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ìbráhìm ti wà níbẹ̀, ó ń já ewé tó ti pọ́n dànù.

"Bàbá Sùlè, mo ti gba ilẹ̀ mi padà."

"Ẹ̀yin obìnrin! Àná lẹ fún mi, òní lẹ gbà á. Ugu tí mi ò tíì gbìn ti kú."

"Ìrẹsì náà kò kú. Ó ń wá afẹ́fẹ́ ni. Omi yìí ni kó dín kù."

Ìbráhìm fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó wo omi, ó wo ògiri amọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí òun náà ti rí ohun tí obìnrin náà kò tíì rí. "Ibì kan ṣoṣo ló lè gbà jáde," ló wí. "Odò ga ju ilẹ̀ yín lọ báyìí. Tí ẹ bá la ògiri yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."

Adéjọkẹ́ wo ugu rẹ̀. Ó ti bo ebè, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ń dán, èyí tó tó já ju èyí tí kò tó lọ. Ugu kì í bá omi tó dúró ṣeré; tí omi bá sùn sí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á rà. Ọkọ́ kan péré ló nílò láti la ògiri yẹn. Ìbráhìm kò ní kó má là á. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ń retí ohun tí obìnrin náà yóò sọ.

"Mi ò lè là á," ni Adéjọkẹ́ wí.

Ìbráhìm mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run bù kún yín. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Apá òkè yẹn ga díẹ̀, omi rẹ̀ kò pọ̀ tó tìsàlẹ̀. Tí a bá fi amọ̀ dá a láàárín, a lè gbọ́n omi òkè sínú odò. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kò ṣeé gbọ́n. Ìsàlẹ̀ á lọ."

Ìsàlẹ̀ ni Adéjọkẹ́ gbin púpọ̀ jù lọ sí. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dà á dáadáa nígbà tí kèrègbè ṣì kún. Ó jókòó sórí ògiri amọ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi. Lábẹ́ ibẹ̀, gbogbo hóró wọ̀nyẹn ń na ara wọn sókè láìrí nǹkan kan, ó sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó rìn wọ inú omi, ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

"Ibí ni ká dá a sí."

Ìbráhìm wa amọ̀, Adéjọkẹ́ tò ó. Nígbà tí ògiri tuntun náà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n omi. Kóńgò tó fi ń wọn ìrẹsì fún gbogbo èrò ọjà ló fi ń bu omi sínú bàsíà, Ìbráhìm á gbé bàsíà, á dà á sódò.

"Ẹ jẹ́ kó kún dáadáa o," ni Ìbráhìm ń wí bó ti ń gbé e. "Ẹ má wọ̀n ọ́n fún mi bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n ní Santana."

"Bàbá Sùlè, ẹ gbé bàsíà kẹ́ ẹ dákẹ́."

Lọ́sàn-án, Moyọ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó bọ́ bàtà, ó sì gba kóńgò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí omi bá ti ń sun padà wọlé láti abẹ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́n ọn. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e nìyẹn, àti ọjọ́ mìíràn, títí tí omi apá òkè kò fi ju ìdajì ìka lọ.

Òwúrọ̀ kan ni Adéjọkẹ́ rí wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ló léfòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Orí funfun kéékèèké ló yọ síta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, díẹ̀ nínú wọn ti ní àwọ̀ ewé. Ó tún dúró díẹ̀ kó tó fa ẹyọ kan tu, nítorí ó ń bẹ̀rù láti wò ó. Nígbà tó fà á, kò fẹ́ wá. Nǹkan kan ló dì í mú nínú ẹrẹ̀. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò nílò láti wò ó mọ́.

Omi ìsàlẹ̀ fà nígbà tó tó àkókò rẹ̀. Àwọn hóró mélòó kan yè ní ẹ̀bá rẹ̀, ìyókù ti di ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Okùn wọn gùn ju tàwọn tó yè lọ. Wọ́n ti sa gbogbo ipá wọn. Adéjọkẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀, bí wọ́n ti ń tẹ irúgbìn bò nílé, ó sì fún Ìbráhìm ní àyè náà kó gbin ugu sí i.

Nígbà ìkórè, Moyọ̀ ló ń lé àwọn ẹyẹ ẹ̀gà. Ìrẹsì tí wọ́n kó kò tó ìdajì kèrègbè. Ọláwálé tẹ̀ ẹ́ láago láti Èkìtì.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti kórè. Ìgbà wo ni a máa jẹ ẹ́?"

"Mò ń fi díẹ̀ ránṣẹ́."

"Ṣé sísè?"

"Irúgbìn. Ìyàwó rẹ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ìwọ. Ẹnu rẹ kò ṣeé fọkàn tán."

Àsìkò náà ni àṣìṣe rẹ̀ tó yé e. Ìyá rẹ̀ lè da kèrègbè dé tán pátá sóko, nítorí àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ń da tiwọn sí oko mìíràn. Bí omi bá gbé ti ẹnì kan, á lọ bu lọ́dọ̀ èkejì. Nígbà tí àwọn yòókù kò gbìn ín mọ́, ìlànà náà kò bá àkókò mu mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún ìyá. Adéjọkẹ́ náà kò ronú kàn án. Ó bu ti ìyàwó Ọláwálé sọ́tọ̀, ó bu ti ìyàwó Ìbráhìm sọ́tọ̀, èyí tí wọn yóò gbìn sí ilẹ̀ wọn mìíràn tí omi kì í dé. Lẹ́yìn náà ló pe Moyọ̀, ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i lọ́wọ́.

"Èyí tí o kò jí nìyí."

"Mummy! You still dey talk that matter?"

"Títí màá fi kú."

Kí èyí tó kù tó padà sínú kèrègbè, ó ti da díẹ̀ sínú ike kan, ó fi eérú bò ó, ó sì gbé e sókè àdògán: èyí tí kò ní jáde lọ sóko. Ó ṣe é tán, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ dáná oúnjẹ alẹ́.

Moyọ̀ ti jáde ní yunifásítì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ugbor. Adéjọkẹ́ ṣì wà ní ilé rẹ̀ ní Ikpoba Hill, ó ń ta ìrẹsì ní Santana, ọjọ́ Ajé nìkan ni kì í sí lọ́jà, nítorí ọjọ́ náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìrẹsì ìyá rẹ̀ létí odò.